Ewúrẹ́ Tó Kọ́ Mi Ní Ìṣirò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí kò tíì sí nínú èrò ẹnikẹ́ni, orúkọ méjì ni mo ní. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn òbí mi sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ. Èkejì ni "olódo", èyí tí tíṣà wa sọ mí láìpe àlejò, láìse oúnjẹ. Ẹ má wojú mi báyẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní orúkọ kejì tiyín, ẹ kàn ń fi pamọ́ ni.

Agége là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá kan tí kò jìnnà sí ojú irin. Fèrè ilé iṣẹ́ ló ń jí wa láàárọ̀, kì í ṣe àkùkọ. Ti ilé iṣẹ́ aṣọ á kọ́kọ́ dún, ti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì á tẹ̀lé e. Tí atẹ́gùn bá wá fẹ́ láti apá Ìkẹjà, òórùn bísíkíìtì á ti wọlé kí a tó fọ ẹnu. N kò tíì rí ìyà tó dà bí òórùn bísíkíìtì nímú ọmọ tí ẹ̀kọ àná ń dúró dè.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìkẹjà ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má rò pé òǹkọ̀wé ni wọ́n o. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n to ojú ìwé sórí tábìlì onígíláàsì tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ nọ́ńbà ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn kò ju èékánná ọmọ ìkókó lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn ṣe é. Ojú àti ọwọ́ ni, àti èémí tí èèyàn ní láti sé mọ́nú kí nọ́ńbà má baà fò lọ.

Àṣà kan wà ní ilé ìtẹ̀wé náà. Tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn bébà àkọ́kọ́ kì í dára: tàdáwà á pọ̀ jù lápá kan, á ṣá lápá kejì. Wésítì ni wọ́n ń pe irú bébà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń pín in. Kò sí ilé òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ládùúgbò wa tí ẹ ò ní bá wésítì lára ògiri rẹ̀. A fi ń bo ìwé, a fi ń tẹ́ orí pẹpẹ. Ìyá mi tó ń ta ẹ̀pà sísun níwájú ilé, wésítì ni wọ́n máa ń ká ní ṣóṣóró kí wọ́n tó da ẹ̀pà sí i fún oníbàárà.

Ní Jímọ̀ kan ni bàbá mi kó wésítì kan wálé tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Bébà ńlá tó fẹ̀ tó ẹní ọmọdé ni. Àwòrán ewúrẹ́ wà káàkiri orí rẹ̀, àwọn kan nàró, àwọn kan dorí kodò. Ojú ìwé kìíní wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé kẹrìndínlógún. Mo ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣẹ́ bébà náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un ṣẹ́, wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi réésà la etí rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ti di ìwé! Ojú ìwé mẹ́rìndínlógún, ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì, gbogbo ewúrẹ́ sì ti fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀.

Ìwé ọmọdé ni, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìwé kéékèèké bíi mélòó kan ni wọ́n, bébà kan fún ìwé kan, ìbéèrè kan fún ìwé kan. Ewúrẹ́ kan tí kò lè gbẹ́nu dákẹ́ ni olórí ìtàn. Nínú èyí àkọ́kọ́, ó ń wá ìdí tí òjìji rẹ̀ fi ń gùn láàárọ̀ tó sì ń kúrú lọ́sàn-án. Nínú èkejì, ó fẹ́ mọ ohun tó ń gbé igbá léfòó tí kò lè gbé ìṣó kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́n féfé. Ìtàn rẹ̀ kò lọ tààrà. Tí ẹ bá ka ojú ìwé kìíní tán, ẹ ò ní ṣí ìkejì. Ìṣirò kan ló wà nísàlẹ̀: ewúrẹ́ rí ìdì ewé mẹ́rin, ewé mẹ́ta ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, iye ewé náà ni ojú ìwé tó kàn. Ẹni tó bá ṣe é re á bá ewúrẹ́ lójú ìwé kejìlá. Ẹni tó bá ṣì í á lọ bá a níbi tí kò yẹ, ìtàn á sì dàrú mọ́ ọn lójú.

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, méje lọ́nà mẹ́sàn-án jẹ́ mélòó? Má wo fóònù. Mo ń dúró.

Èmi fẹ́ràn ewúrẹ́ yẹn débi pé mo lè fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀pà ìyá mi ni mo fi ń ka iye, tí mo bá sì rí ìdáhùn tán, mo máa ń jẹ ìdáhùn náà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí bàbá mi tó dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: n kò mọ̀ pé ìṣirò ni mò ń ṣe. Mo rò pé ewúrẹ́ ni mò ń tẹ̀lé.

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi ṣèèṣì fa ojú ìwé kan ya nínú ìwé mi, wọ́n fi di ẹ̀pà fún ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́. Mo sáré tẹ̀lé e dé ojú irin.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró! Ewúrẹ́ mi wà lọ́wọ́ yín!"

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ewúrẹ́ wo? Ẹ̀yin ará ibí, ẹ gbà mí o, ọmọ yìí fẹ́ sọ mí di olè ẹran lọ́sàn-án gangan!"

Nígbà tí ó gbọ́ àlàyé mi, ó da gbogbo ẹ̀pà náà sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó na bébà náà sí mi. Ẹnu rẹ̀ kún débi pé kò lè dáhùn nígbà tí mo kí i pé ẹ ṣé.

Nílé ìwé ńkọ́? Ẹ má bi mí. Tí tíṣà bá ti kọ ìṣirò sí pátákó, tó wá fi pàṣán gbá tábìlì, orí mi á tì pa bí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ Àìkú. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹ̀pà níbẹ̀. Òdo, òdo, òdo. Nígbà tí ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kẹta parí, wọ́n fi lẹ́tà rán mi sí bàbá mi: kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ajé wá fọwọ́ sí i pé màá tún kíláàsì kẹrin kà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àbúrò mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kẹta. Tí mo bá tún kíláàsì kẹrin kà, ara bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa méjèèjì á jọ jókòó sí. Ó sì ti gbọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, ó fi ọ̀wọ̀ tí kò ní rí dọ̀bálẹ̀ gbalaja, "ẹ má bẹ̀rù rárá. Màá jẹ́ kí ẹ máa wo tèmi."

Bàbá mi ka lẹ́tà náà, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní mẹ́rin. "Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìṣirò," ni wọ́n wí. "Tó bá jẹ́ pé bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ nìyẹn, a ó gbà á bẹ́ẹ̀."

Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Jímọ̀, wọ́n kó wésítì tuntun dé. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò ni ewúrẹ́ bá jà. Ẹ̀yin náà mọ bí ewúrẹ́ ṣe kórìíra òjò. Ó ní òun á wá ẹni tó ń da omi sí òun lára rí, kí onítọ̀hún wá sọ tẹnu ẹ̀. Mo ṣẹ́ bébà, mo la etí rẹ̀, mo bu ẹ̀pà, mo bẹ̀rẹ̀.

Ojú ìwé karùn-ún ni wàhálà ti dé. Ewúrẹ́ gbọ́ pé ọwọ́ odò ni omi náà ti ń wá, ó sì kọrí sí odò. Ìṣirò ní kí n mú mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ku méje. Mo ṣí ojú ìwé keje, kí ni mo bá? Ewúrẹ́ ń já bọ́ láti ojú sánmà pẹ̀lú òjò, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú afẹ́fẹ́! Ta ló gbé e gòkè? Odò dà?

Mo tún ẹ̀pà kà. Méje. Mo tún un kà. Méje náà ni.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún ewúrẹ́ yẹn," ni àbúrò mi wí, "pé olódo ló ń tọ́ka ọ̀nà fún un. Ìdí tó fi já bọ́ nìyẹn."

Ìyá mi fi ẹ̀pà tí wọ́n ń sun sílẹ̀, àwọn náà kà á. "Méje ni o, Bàbá ẹ̀."

Bàbá mi kò tilẹ̀ gbórí sókè nídìí oúnjẹ wọn. "Á ti ṣì í níbòmíì. Ìwé kì í ṣì. Ọwọ́ ara mi ni mo fi lẹ gbogbo nọ́ńbà ibẹ̀."

Ó yẹ kí n gbà. Olódo ni mí, bàbá mi ni wọ́n, ìwé sì ni ìwé. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ń bẹ lójú sánmà, kò sì sẹ́ni tó gbé e débẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá odò kiri inú ìwé náà. Ojú ìwé kọkànlá ni mo ti rí i: ewúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí odò, eruku ọ̀nà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n gba ibẹ̀ lọ. Ìṣirò tó wà níbẹ̀ gbé mi lọ bá oòrùn, tó ń sọ omi odò di oru tó ń fà á lọ sókè. Ewúrẹ́ sì gun oru náà. Ìyẹn gbé mi dé ojú ìwé kẹrìnlá, inú ìkùukùu, níbi tí òtútù ti mú oru náà tó ń padà di omi. Ìṣirò ibẹ̀ ni mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta, kí n yọ ọ̀kan. Mọ́kànlá. Mo ṣí ojú ìwé kọkànlá, ni mo bá tún bára mi létí odò, pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀!

Ìgbà náà ni ó ye mi. Ẹni tó wà nínú ìkùukùu ló yẹ kó já bọ́. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló yẹ kó dé odò. Nọ́ńbà méje àti nọ́ńbà mọ́kànlá ti gba ipò ara wọn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ fún bàbá yín pé "Dádì, irọ́ lẹ pa," ẹ ò lè mọ bí àyà mi ṣe ń lù. Láyé tiwa, bàbá kì í ṣì. Tí bàbá bá forí gbá ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ló wà níbi tí kò yẹ. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà méjì ti... wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó."

"Háà!" ni ìyá mi wí.

Bàbá mi fọwọ́, wọ́n gba ìwé náà, wọ́n gbé gíláàsì sójú. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń to ìwé, ṣùgbọ́n n kò rí wọn kí wọ́n ka ọ̀kan rí. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wọn rí: nọ́ńbà ni wọ́n ń wò, tí nọ́ńbà bá ti tò láti ìkíní dé ìkẹyìn, ìwé ti pé nìyẹn. Nínú ìwé tí ìtàn rẹ̀ sì ń fò síhìn-ín fò sọ́hùn-ún, ta ló máa mọ̀ pé ojú ìwé kan kò bá èkejì mu, àfi ẹni tó bá ṣe gbogbo ìṣirò ibẹ̀? Wọ́n bu ẹ̀pà. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń kà á sórí ẹní. Nígbà tí wọ́n dé ojú ìwé kẹrìnlá tí wọ́n rí mọ́kànlá, wọ́n yọ gíláàsì.

"Lọ́la," ni wọ́n wí, "àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ọjọ́ Sátidé ni mo kọ́kọ́ wọ ilé ìtẹ̀wé. Ariwo ẹ̀rọ gbọn ilẹ̀ lábẹ́ bàtà mi. Bébà ewúrẹ́ ni wọ́n tò jọ gègèrè títí dé ibi àjà, wọ́n ń dúró de ọjọ́ Ajé tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ wọn po. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó fi pẹ́ńsùlù há etí, bi bàbá mi léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá mi lè sọ pé àwọn ni wọ́n rí àṣìṣe náà. Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni:

"Ọ̀gá, èmi ni mo ṣì í. Ọmọ mi yìí ló rí i."

"Èyí?" Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀, kò sì gbà á ní àkókò, torí mi ò ga. "Ẹ gbé e gun nǹkan."

Wọ́n gbé mi gun agolo tàdáwà tó ti ṣófo. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, mò ń ṣe ìṣirò lókè ohùn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kìíní pa á, ó sún mọ́ wa kó lè gbọ́. Ẹni kejì pa tirẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí kì í dákẹ́ fi dákẹ́ rọ́rọ́, tí àwọn àgbàlagbà tí tàdáwà kún ọwọ́ wọn ń jiyàn lórí ewúrẹ́. Ọ̀kan ní mẹ́rin lọ́nà mẹ́ta yọ ọ̀kan, mẹ́tàlá ni. Èmi, olódo Agége, mo ní, "Rárá sà, ẹ yọ ọ́, ẹ ò fi kún un." Wọ́n hó yèè!

Ọ̀gá ní kí wọ́n gbé ìwé àfọwọ́kọ ẹni tó kọ ìtàn náà wá. Wọ́n fi wéra. Bí mo ṣe wí gan-an ló rí.

Ọ̀gá gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀. Ó ní: "Gbogbo wa la wo ìwé yìí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó kà á." Ó bá bàbá mi wí díẹ̀, bí ọ̀gá ṣe ń ṣe, ó ní kí wọ́n tún bébà náà tẹ̀, ó wá bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni pé àgbà ni mí. Tàdáwà rẹ̀ wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi fún odidi ọjọ́ méjì. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́.

Lójú ọ̀nà ilé ni bàbá mi sọ pé, "Lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan."

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, obìnrin tí gèlè rẹ̀ máa ń le bíi pátákó, ti gbé bíírò kalẹ̀ dè wá. Tíṣà wa dúró tì í. Bàbá mi gbé ìwé ewúrẹ́ sórí tábìlì, wọ́n ròyìn.

"Bàbá," ni ọ̀gá àgbà wí, "ẹ wá fọwọ́ sí lẹ́tà ni, ẹ ò wá pa àlọ́."

"Ẹ bi í ní ìṣirò, mà. Ìṣirò èyíkéyìí."

Ó kọ ìṣirò mẹ́wàá sí pátákó. Ẹ wò ó, ní kété tí ẹfun kan pátákó yẹn, orí mi tún fẹ́ tì pa. Tíṣà mi mí kanlẹ̀, bí ẹni pé ó ti sọ tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́yìn, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Ewúrẹ́ ń dúró o."

Ni mo bá sọ gbogbo rẹ̀ di ojú ìwé. Ìkíní gbé ewúrẹ́ dé ojú ìwé kẹjọ. Ìkejì gbé e dé ìkẹtàlá. Mò ń sáré tẹ̀lé e, ẹfun ń fọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo yíjú padà, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo gbà, àwọn méjì yòókù, ìkánjú ni.

Tíṣà mi wo pátákó, ó wò mí. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ewúrẹ́ ni, mà."

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìtàn ilé ìwé náà. Ó mú lẹ́tà wa, ó fà á ya sí méjì, ó tún fà á ya sí mẹ́rin. Mo kà á. Mẹ́rin ni lóòótọ́. Kíláàsì karùn-ún ni mo wọ̀ ní tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀lé e, mo gba iwájú kíláàsì kẹrin kọjá láràárọ̀, mo sì máa ń rọra rìn kí àbúrò mi lè rí mi dáadáa. Kò pé oṣù kan tó gbé ìṣirò tirẹ̀ wá bá mi, ojú ilẹ̀ ló ń wò. Mo ní kó lọ bu ẹ̀pà wá.

Ayé ti yí padà. Fèrè ilé iṣẹ́ kò jí ẹnikẹ́ni ní Agége mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìgbà náà ti di ibi ìkẹ́rùsí, àwọn kan ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tí bàbá mi ń sé èémí ṣe, kọ̀ǹpútà ń ṣe é kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ìwé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní àwọ̀ méje, òmíràn á máa sọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìṣirò inú fóònù sì máa ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ tó bá gbà á. Ẹ rò pé màá sọ pé tiwa dára jù? Irọ́ ni. Tiyín dára ju tiwa lọ fíìfíì, mo sì ń jowú yín. Ohun tí n kò fẹ́ kí ó bá yín dé ìsinsìnyí ni orúkọ kejì yẹn. Mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí kan, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbé ìwé ìràwọ̀ kan wá sílé mi. A jọ ń ṣe ìṣirò inú rẹ̀. Mo sọ ìdáhùn kan, ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Èmi? Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́ ní Ìkẹjà?" Ó ní òun mọ̀, Bíìgí Mọ́mì, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ gíláàsì, mo tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ọmọ náà ló jàre. Mo dìde, mo gbé e gun àga, mo sì ké pe gbogbo ilé, títí kan bàbá rẹ̀, pé kí wọ́n wá gbọ́ bó ṣe rí àṣìṣe mi. Ó sọ ọ́ lókè ohùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sẹ́ni tó já a lẹ́nu.